Kí Ló Pa Kátálísítì?

Àwọn tó ya àwòrán North Peckham Estate ní London ní ìparí àwọn ọdún 1960 ní èrò kan lọ́kàn: kí ọkọ̀ wà nísàlẹ̀, kí èèyàn wà lókè. Wọ́n fi gárèèjì sí ìsàlẹ̀ ilé, wọ́n wá fi ọ̀nà gígùn tó dà bí afárá so ilé kan mọ́ èkejì lókè, kí ìyá tó fa ọmọ lọ́wọ́ lè ti ilé kan dé òmíràn láì pàdé mọ́tò kankan. Ètò náà kò pẹ́ tó fi dojú rú. Ẹ̀rù ń ba àwọn èèyàn láti gba àwọn ọ̀nà òkè yẹn kọjá lóru, nígbà tó sì di àárín àwọn ọdún 1990, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í wó ibẹ̀, wọ́n ń kọ́ ilé kéékèèké tó dojú kọ títì rọ́pò rẹ̀. Lónìí, ẹni tó bá rìn láti Commercial Way dé Sumner Road á rí i pé ẹnu ọ̀nà àbáwọlé gan-an ni mọ́tò wà, lábẹ́ fèrèsé yàrá tí ọmọ ń sùn sí. Ohun tó bá ń jáde nídìí mọ́tò yẹn, inú ilé ló ń wọ̀.

Ohun tó ń dín oró èéfín yẹn kù kó tó jáde ni agolo irin kan tó wà lábẹ́ ọkọ̀, láàárín ẹ́ńjìnnì àti sáílẹ́ńsà. Kátálísítì lorúkọ rẹ̀. Lójú tèmi, kò sí ẹ̀yà ara ọkọ̀ tí wọ́n ń ṣi ẹjọ́ rẹ̀ dá tó o. Wọ́n á ní ó ti kú nígbà tí kò tíì kú. Bó bá sì kú lóòótọ́, wọ́n á pààrọ̀ rẹ̀ láìbéèrè pé kí ló pa á.

Ẹ jẹ́ ká mú ọ̀rọ̀ tó máa ń ṣẹlẹ̀ ládùúgbò yìí. Ká ní obìnrin kan ń ṣe iṣẹ́ kíà, ó ń tọ́jú àwọn arúgbó nínú ilé wọn. Toyota ọlọ́dún méjìlá ló fi ń ti ilé kan bọ́ sí èkejì, ìṣẹ́jú mẹ́wàá síbí, ìṣẹ́jú mẹ́jọ sọ́hùn-ún. Ó dúró níbi tráfíìkì Peckham High Street, ó wá rí i pé ọkọ̀ ń gbọ̀n. Sítíárìn ń mì lọ́wọ́ rẹ̀, ohùn ẹ́ńjìnnì ń lọ sókè, ó ń bọ̀ nílẹ̀. Bó bá tẹná tí ọkọ̀ gbéra, gbígbọ̀n náà á lọ. Lọ́jọ́ kejì, iná tó ní àwòrán ẹ́ńjìnnì tàn lójú dáṣíbọ́ọ̀dù. Ó gbé ọkọ̀ lọ sọ́dọ̀ mẹkáníìkì, ìyẹn ki síkánà bọ̀ ọ́, kóòdù méjì sì jáde: P0420 àti P0302. «Mọ́mì, kátálísítì yín ti lọ. Ẹ jẹ́ ká pààrọ̀ ẹ̀, gbígbọ̀n yẹn á dáwọ́ dúró.» Iye tó bù lé e fẹ́rẹ̀ẹ́ tó iye tí ọkọ̀ náà fúnra rẹ̀ á mú wá lọ́jà.

Mẹkáníìkì yìí ka kóòdù kìíní, ó fo èkejì. Bẹ́ẹ̀ sì rèé, èkejì ló mọ ìdí ọ̀rọ̀.

Lẹ́tà P tó ṣáájú kóòdù ń tọ́ka sí ẹ́ńjìnnì àti gíà. Òdo tó tẹ̀ lé e sọ fún wa pé kóòdù náà kì í ṣe ti ilé iṣẹ́ kan ṣoṣo, gbogbo àwọn tó ń ṣe mọ́tò ló ń lò ó bákan náà. Àdéhùn yìí, tí wọ́n ń pè ní OBD-II, di dandan fún ọkọ̀ tuntun ní Amẹ́ríkà láti 1996. Ní Yúróòpù, ó di dandan fún àwọn tó ń lo bẹntiróòlù láti 2001. Ìdí nìyẹn tí síkánà kékeré tí kò tó £20 fi lè ka Toyota, kó ka Ford, kó tún ka Peugeot. P0302 ní tirẹ̀ ń sọ pé sìlíńdà kejì ń kùnà láti dáná: epo wọ inú rẹ̀, afẹ́fẹ́ wọ inú rẹ̀, ṣùgbọ́n iná kò mú wọn. Bó bá jẹ́ sìlíńdà kìíní ni, P0301 ni yóò jáde. Bó bá ń ti ibí bọ́ sí ọ̀hún láìdúró síbì kan, P0300. P0420 sì ń sọ pé iṣẹ́ kátálísítì ti bọ́ sábẹ́ ìwọ̀n tí wọ́n fi lélẹ̀. Nínú ẹ́ńjìnnì tó ní ẹ̀gbẹ́ méjì, irú bíi V6, P0420 jẹ́ ti ẹ̀gbẹ́ tí sìlíńdà kìíní wà, P0430 jẹ́ ti ẹ̀gbẹ́ kejì.

Ká tó lè mọ bí ọ̀ràn méjèèjì ṣe tan mọ́ra, ó yẹ ká wo inú agolo náà. Amọ̀ sísun ni wọ́n fi ṣe ohun tó wà nínú rẹ̀, ihò tẹ́ẹ́rẹ́tẹ́ẹ́rẹ́ ló sì kún ara rẹ̀ láti iwájú dé ẹ̀yìn. Nínú ọ̀pọ̀ ọkọ̀, irínwó ihò ló wà ní ínǹṣì kan níbùú lóròó. Wọ́n fi èròjà kan tó ní platinum, palladium àti rhodium pa ara ihò wọ̀nyí. Ìwọ̀n gíráàmù díẹ̀ ni gbogbo rẹ̀, South Africa ni èyí tó pọ̀ jù nínú platinum àti rhodium ayé ti ń jáde. Oró mẹ́ta ló ń bá èéfín dé ibẹ̀. Èkíní ni carbon monoxide, afẹ́fẹ́ tí kò ní àwọ̀ tí kò ní òórùn, èyí tó ti pa ọ̀pọ̀ ìdílé mọ́nú ilé nílẹ̀ wa nígbà tí wọ́n gbé jẹnẹrétọ̀ sí kọ́rídọ̀. Èkejì ni epo tí kò jóná tán. Ẹ̀kẹta ni nitrogen oxides, tó máa ń ta àyà àwọn tó ní ikọ́ fée. Bí èéfín bá ti fara kan àwọn irin wọ̀nyí nígbà tí wọ́n gbóná, carbon monoxide á di carbon dioxide, epo tó ṣẹ́ kù á di carbon dioxide àti omi, nitrogen oxides á sì padà di nitrogen, afẹ́fẹ́ tó pọ̀ jù nínú èyí tí à ń mí.

Eugene Houdry, ẹlẹ́rọ ọmọ ilẹ̀ Faransé tó lọ gbé ní Amẹ́ríkà, ti ṣe irú ẹ̀rọ yìí ní àwọn ọdún 1950, ṣùgbọ́n kò rí i lò fún mọ́tò. Òjé ló dínà fún un. Nígbà náà, òjé wà nínú bẹntiróòlù, ó sì máa ń bo ojú àwọn irin náà títí wọn ò fi ní lè ṣiṣẹ́ mọ́. Láti ọkọ̀ ọdún 1975 ni kátálísítì ti wọ́pọ̀ ní Amẹ́ríkà, lẹ́yìn òfin afẹ́fẹ́ mímọ́ ti 1970, ibẹ̀ náà ni epo tí kò ní òjé ti bẹ̀rẹ̀ sí í gbilẹ̀. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ó di dandan lára ọkọ̀ bẹntiróòlù tuntun láti ìbẹ̀rẹ̀ 1993, wọ́n sì fòpin sí títa epo olójé fún gbogbo ènìyàn ní 1 January 2000. Tiwa pẹ́ díẹ̀ sí i. Ìpàdé Dakar ní June 2001 ni àwọn orílẹ̀-èdè Áfíríkà ti pinnu láti yọ òjé kúrò, àwọn tó wà ní gúúsù Sàhárà sì parí rẹ̀ ní January 2006. Ẹ ro iye tokunbo tó wọ Èkó ṣáájú ọdún yẹn pẹ̀lú kátálísítì tó pé, tó jẹ́ pé epo táǹkì àkọ́kọ́ ló ti bẹ̀rẹ̀ sí í bà á jẹ́.

Kọ̀ǹpútà ọkọ̀, èyí tí àwọn mẹkáníìkì wa ń pè ní brainbox, kò ní ohun tó fi ń wọn oró inú èéfín. Sẹ́ńsọ̀ ọ́síjìn méjì ló ní, ọ̀kan ṣáájú kátálísítì, ọ̀kan lẹ́yìn rẹ̀. Èyí tó wà níwájú ló ń bá a mú ìwọ̀n epo àti afẹ́fẹ́ dọ́gba, kìlógíráàmù afẹ́fẹ́ 14.7 sí kìlógíráàmù bẹntiróòlù kan. Nínú irú sẹ́ńsọ̀ tó wọ́pọ̀, iná rẹ̀ á máa fò láti nǹkan bí 0.1 volt sí 0.9, á tún padà, lemọ́lemọ́, bí kọ̀ǹpútà ṣe ń fi epo kún un tó sì ń dín in kù. Nínú ọ̀pọ̀ Toyota, èyí iwájú jẹ́ irú mìíràn tí kì í fò báyẹn, nítorí náà kí ẹnikẹ́ni má fi nọ́ḿbà ọkọ̀ kan ka ti òmíràn.

Èròjà kan tí wọ́n ń pè ní cerium wà lára àwọn ihò inú kátálísítì. Iṣẹ́ rẹ̀ ni pé kó fa ọ́síjìn mọ́ra nígbà tó bá pọ̀, kó sì tú u sílẹ̀ nígbà tó bá wọ́n. Bí cerium bá ń ṣiṣẹ́, ọ́síjìn tó ń dé ẹ̀yìn kò ní máa lọ sókè sódò, sẹ́ńsọ̀ ẹ̀yìn á sì dúró jẹ́ẹ́, ó sábà máa ń wà ní nǹkan bí 0.6 sí 0.7 volt. Bó bá bẹ̀rẹ̀ sí í fò bíi ti iwájú, kọ̀ǹpútà á gbà pé kátálísítì kò lè di ọ́síjìn mú mọ́, á sì kọ P0420 sílẹ̀. Ọ̀pọ̀ ìgbà ló máa ń dúró dìgbà tó bá rí i lẹ́ẹ̀mejì, ní ìrìn méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, kó tó tan iná. Nítorí náà, ohun tí P0420 rí gan-an ni bí ọ́síjìn ṣe ń rìn. Àbá ló fi ń dá nípa kátálísítì, àbá tó dára ni, ṣùgbọ́n àwọn nǹkan mìíràn wà tó lè da ìrìn ọ́síjìn rú.

Sìlíńdà tí kò dáná ni olórí wọn. Ní ìdúró, ẹ́ńjìnnì ń yí ní nǹkan bí ìgbà 750 ní ìṣẹ́jú kan, sìlíńdà kọ̀ọ̀kan sì ń dáná lẹ́ẹ̀kan nínú ìyípo méjì. Ìyẹn ni ìgbà 375 ní ìṣẹ́jú kan. Bí sìlíńdà kejì bá kú pátápátá, ìgbà 375 ni epo tútù pẹ̀lú gbogbo ọ́síjìn tó yẹ kó bá a jóná máa tú sínú páìpù èéfín láàárín ìṣẹ́jú kan ṣoṣo. Gbígbọ̀n tí obìnrin yẹn rí lọ́wọ́ sítíárìn nìyẹn: mẹ́ta ń tì, ẹ̀kẹrin kò tì. Epo tí kò jóná nínú ẹ́ńjìnnì á wá lọ jóná nínú kátálísítì. Ibẹ̀ máa ń gbóná tó 400 sí 800 dígírì lórí Celsius bí nǹkan bá ń lọ dáadáa. Bó bá kọjá nǹkan bí 1,000, àwọn irin wẹ́wẹ́ á máa wọ́ jọ, ojú tí wọ́n fi ń ṣiṣẹ́ á dín kù, kò sì sí oògùn tó lè tú wọn ká mọ́. Bó bá gbóná jùyẹn lọ, amọ̀ inú rẹ̀ á yọ́, á sì dí.

Nítorí náà, bí iná ẹ́ńjìnnì bá tàn tó dúró, ẹ ní àkókò láti wá ìdí rẹ̀. Bó bá ń ṣẹ́jú, tó ń tàn tó ń kú, ìkùnà iná tó lè ba kátálísítì jẹ́ lọ́wọ́lọ́wọ́ ló ń kìlọ̀ fún yín. Ẹ má tẹná mọ́. Ẹ wá ibi tó dára, kí ẹ pa ọkọ̀. Ìṣẹ́jú díẹ̀ ní irú ipò yẹn lè jẹ ohun tí owó oṣù kan kò ní lè rà padà. Ẹ má sì gbé e sórí koríko gbígbẹ, nítorí agolo yẹn lè dáná sun ún.

Ẹni tó bá pààrọ̀ kátálísítì nígbà tí sìlíńdà kejì ṣì ń tu epo ti sọ owó rẹ̀ nù. Bí iná ò bá tíì tán láṣọ, ẹ̀jẹ̀ kì í tán léèékánná. Tuntun náà á jóná bíi ti àná, bó bá sì jẹ́ èyí tí irin iyebíye inú rẹ̀ kéré, kò ní pẹ́ tó ti àná.

Ibo ló wá yẹ ká ti bẹ̀rẹ̀? Kí ẹnikẹ́ni tó fọwọ́ kan bọ́tìnì tó ń pa kóòdù rẹ́, kí ó kọ ohun gbogbo tó wà lójú síkánà sílẹ̀. Kọ̀ǹpútà máa ń tọ́jú bí nǹkan ṣe rí ní ìṣẹ́jú tí kóòdù wọlé: eré tí ọkọ̀ ń sá, bí ẹ́ńjìnnì ṣe gbóná tó, iye epo tó ń fi kún un. Àwọn tó ń ṣàtúnṣe ń pè é ní freeze frame. Bí wọ́n bá pa kóòdù rẹ́, òun náà á parẹ́, ẹ̀rí tó dára jù lọ á sì bá a lọ. Èyí máa ń dùn mí nígbà tí mo bá gbọ́ pé mẹkáníìkì kan «bá wọn pa iná» lọ́fẹ̀ẹ́. Oore kọ́ ni.

Ní ti P0302, ìdánwò kan wà tí kò ná ẹnikẹ́ni ní kọ́bọ̀. Nínú ọ̀pọ̀ ọkọ̀ òde òní, sìlíńdà kọ̀ọ̀kan ní kọ́ìlì tirẹ̀ lórí púlọ́ọ̀gì. Kí wọ́n pa ọkọ̀, kí wọ́n yọ kọ́ìlì kejì, kí wọ́n fi ti ẹ̀kẹta rọ́pò rẹ̀, kí wọ́n sì fi ti èkejì sórí ẹ̀kẹta. Kí wọ́n pa kóòdù rẹ́, kí wọ́n jẹ́ kó ṣiṣẹ́. Bí kóòdù bá padà wá ní P0303, kọ́ìlì ló bàjẹ́, nítorí ó bá a ṣípò. Bó bá ṣì jẹ́ P0302, kọ́ìlì kò jẹ̀bi, kí wọ́n ṣe bẹ́ẹ̀ fún púlọ́ọ̀gì. Bí wọ́n bá ti yọ púlọ́ọ̀gì, kí wọ́n wò ó dáadáa. Èyí tó dúdú tó gbẹ bí èédú ń sọ pé epo ti pọ̀ jù. Èyí tó ń dán fún òróró ń sọ pé ọ́ìlì ẹ́ńjìnnì ń wọlé. Èyí tí orí rẹ̀ ti jẹ tó sì fẹjú ti gbó. Bí kọ́ìlì àti púlọ́ọ̀gì bá dára, ó kan injector tó ń fọ́n epo, lẹ́yìn náà agbára tí sìlíńdà fi ń fún afẹ́fẹ́ pọ̀, èyí tí wọ́n ń fi géèjì wò.

Ọ̀pọ̀ àwọn ọ̀gá tó kọ́ṣẹ́ nílé nígbà ayé kabúrétọ̀ ṣì ní àṣà kan: wọ́n á jẹ́ kí ẹ́ńjìnnì máa ṣiṣẹ́, wọ́n á sì máa fa wáyà púlọ́ọ̀gì yọ lọ́kọ̀ọ̀kan láti gbọ́ èyí tí kò yí ohùn padà. Ọgbọ́n tó jinlẹ̀ ni, etí wọn kì í sì í parọ́. Àmọ́ ní gbogbo ìgbà tí wáyà bá fi wà lóde, epo tútù ló ń rọ́ sínú kátálísítì, iná tó wà lára kọ́ìlì òde òní sì lè ta èèyàn nù. Síkánà tó bá dára máa ń ka iye ìgbà tí sìlíńdà kọ̀ọ̀kan kùnà, láìfọwọ́ kan nǹkan kan.

Ká ní kò sí P0302 ńkọ́, tí ọkọ̀ ń gbọ̀n ní ìdúró lásán, tí P0171 sì tún bá P0420 wá? P0171 ń sọ pé afẹ́fẹ́ pọ̀ jù fún iye epo tó wà. Ẹ ní kí mẹkáníìkì ṣí ojú ewé tí síkánà ń pè ní fuel trim, tó ń fi hàn ní ìpín ọgọ́rùn-ún iye tí kọ̀ǹpútà ń fi kún epo tàbí tó ń yọ kúrò. Bó bá wà láàárín mẹ́wàá lókè àti mẹ́wàá nísàlẹ̀, kò burú. Bó bá lọ sókè gan-an nígbà tí ọkọ̀ dúró, tó sì rọlẹ̀ nígbà tí wọ́n tẹná dé ìyípo 2,500 ní ìṣẹ́jú kan, rọ́bà kan ti là níbì kan, tàbí gásíkẹ́ẹ̀tì kan ti ṣí, afẹ́fẹ́ tí kò gba ojú ọ̀nà ń wọlé. Ní ìdúró, afẹ́fẹ́ tí ẹ́ńjìnnì nílò kéré, nítorí náà olè kékeré yẹn á hàn. Lórí eré, á sọnù sáàárín ọ̀pọ̀. Bó bá jẹ́ pé ìgbà tí wọ́n tẹná ló ń lọ sókè, ẹ wo pọ́ńpù epo, fílítà epo, tàbí sẹ́ńsọ̀ tó ń wọn afẹ́fẹ́. Ìyàtọ̀ kékeré yìí ti gba ọ̀pọ̀ èèyàn lọ́wọ́ ríra ohun tí wọn kò nílò. Throttle body tó dọ̀tí àti ẹnu ọ̀nà EGR, tó ń dá èéfín díẹ̀ padà sínú ẹ́ńjìnnì, tí kò padé mọ́ náà máa ń fa gbígbọ̀n ní ìdúró, àti pé àtúnṣe wọn lè má ju fífọ̀ lọ.

Bí ẹ́ńjìnnì bá ń dún wọ́ọ́rọ́wọ́, tí P0420 nìkan wà, ẹ kọ́kọ́ wá ibi tí páìpù èéfín ti lu. Ihò kékeré ṣáájú sẹ́ńsọ̀ ẹ̀yìn máa ń fa afẹ́fẹ́ wọlé láti ìta, sẹ́ńsọ̀ á sì rò pé kátálísítì ló fi ọ́síjìn sílẹ̀. Lẹ́yìn ìyẹn, ẹ béèrè lọ́wọ́ ara yín bóyá ọkọ̀ ń jẹ ọ́ìlì. Zinc àti phosphorus wà nínú ọ́ìlì ẹ́ńjìnnì láti dáàbò bo irin. Bí ọ́ìlì bá ń jóná, wọ́n á lọ lẹ̀ mọ́ ara kátálísítì bí òjé ti ṣe láyé àtijọ́. Àwọn tó ti lo Camry 2.4 tí wọ́n ń pè ní Muscle nílé mọ ọ̀rọ̀ yìí, nítorí Toyota fúnra rẹ̀ ṣe ètò àtúnṣe ní Amẹ́ríkà fún irú ẹ́ńjìnnì 2AZ-FE yẹn tó ń jẹ ọ́ìlì. Omi rédíétọ̀ tó ń gba inú gásíkẹ́ẹ̀tì orí ẹ́ńjìnnì jò wọlé náà máa ń ṣe irú ibi bẹ́ẹ̀.

Ọ̀nà kan ṣoṣo tí kátálísítì fi lè jẹ́ òun gan-an ló ń fa gbígbọ̀n ni bó bá dí. Èéfín kò rí ọ̀nà jáde, ẹ́ńjìnnì kò lè mí. Ṣùgbọ́n ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ kì í gbọ̀n ní ìdúró kó wá sáré dáadáa lójú títì. Bí wọ́n bá ṣe ń tẹná tó ni agbára rẹ̀ á máa tán tó. Wọ́n lè tú sẹ́ńsọ̀ iwájú, kí wọ́n fi géèjì wọn bí èéfín ṣe ń tì padà. Ti obìnrin wa kò rí bẹ́ẹ̀, nítorí gbígbọ̀n tirẹ̀ máa ń lọ nígbà tó bá tẹná.

Irú ìrìn tí à ń rìn ní Peckham náà ń fi kún ìyà kátálísítì. Kì í bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ àfi tó bá gbóná dé nǹkan bí 250 sí 300 dígírì. Lórí títì Southwark, agbègbè ìjọba tí Peckham wà, níbi tí máìlì 20 ní wákàtí kan ti jẹ́ ìwọ̀n eré, ẹni tó gbé ọmọ lọ sílé ẹ̀kọ́, tó dúró ra iṣu ní Rye Lane, tó sì padà sílé ti fi ìdajì ìrìn náà wa ọkọ̀ tútù. Lọ́jọ́ Sunday ńkọ́? Ìwádìí tí University of Roehampton gbé jáde ní 2013 rí ìjọ 240 tí àwọn aláwọ̀ dúdú pọ̀ jù nínú wọn ní Southwark nìkan, ọ̀pọ̀ wọn ní Old Kent Road àti agbègbè rẹ̀. Ọkọ̀ tó ń dúró de àwọn tó ń bọ̀ láti ṣọ́ọ̀ṣì, pẹ̀lú ẹ́ńjìnnì títàn, kì í ṣe díẹ̀. Ẹ pa á. Ìdúró gígùn pẹ̀lú sìlíńdà tó ń kùnà náà ń ba kátálísítì jẹ́.

Mo mọ̀ pé àwọn kan á sọ pé nílé, wọ́n kàn máa ń fọ́ inú rẹ̀ dànù ni, ọkọ̀ sì ń rìn. Òótọ́ ni pé ó ń rìn. Wọ́n á ta amọ̀ inú rẹ̀ fún àwọn tó ń ra àlòkù, wọ́n á fi irin kékeré kan ti sẹ́ńsọ̀ ẹ̀yìn sẹ́yìn kó má baà rí nǹkan kan. Àwọn olè pàápàá mọ iye tó jẹ́. Nígbà tí rhodium fò sókè ní 2021, tó kọjá $28,000 fún áúńsì kan, wọ́n ń yọ kátálísítì lábẹ́ Prius àti Honda Jazz ní London lọ́sàn-án gangan, nítorí ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ hybrid kì í ṣiṣẹ́ ní gbogbo ìgbà, irin inú rẹ̀ kì í sì tètè gbó.

Àmọ́ ohun tí mo ń rò kì í ṣe owó. Ella Adoo-Kissi-Debrah jẹ́ ọmọ ọdún mẹ́sàn-án. Ó ń gbé nítòsí títì South Circular ní Lewisham, tí kò jìnnà sí Peckham. Ikọ́ fée tó le ń bá a jà, ó sì kú ní February 2013. Ní 16 December 2020, adájọ́ tó ń wádìí ikú, Philip Barlow, kọ ọ́ sílẹ̀ pé ìdọ̀tí afẹ́fẹ́ wà lára ohun tó pa á. Òun ni ẹni àkọ́kọ́ tí wọ́n kọ irú nǹkan bẹ́ẹ̀ nípa rẹ̀ ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Díésù ni ẹ̀bi rẹ̀ pọ̀ jù nínú nitrogen oxides tí ọkọ̀ ń tú sílẹ̀ ní ìlú yìí, mi ò fẹ́ di gbogbo ẹrù lé bẹntiróòlù lórí. Ṣùgbọ́n ọkọ̀ bẹntiróòlù tí kò ní kátálísítì tó ń ṣiṣẹ́ ń tú gbogbo oró mẹ́tẹ̀ẹ̀ta sílẹ̀ lábẹ́ fèrèsé ẹlòmíràn. Àgbègbè èéfín kíkéré tí wọ́n ń pè ní ULEZ dé Peckham ní 25 October 2021, £12.50 lójúmọ́ fún ọkọ̀ tí èéfín rẹ̀ kò bá dé ìwọ̀n tí wọ́n fi lélẹ̀, síbẹ̀ nọ́ḿbà ọkọ̀ ni kámẹ́rà yẹn ń kà. Kò mọ ohun tó wà nínú agolo.

MOT, àyẹ̀wò ọkọ̀ tí òfin béèrè, ló mọ̀ ọ́n, lẹ́ẹ̀kan lọ́dún. Lára ọkọ̀ bẹntiróòlù tí wọ́n kọ́kọ́ lò láti 1 July 2003, iná ẹ́ńjìnnì tó bá ń tàn ti tó láti já a kulẹ̀. Kátálísítì tí wọ́n yọ náà ń já a kulẹ̀. Wọ́n á tún ki ọ̀pá bọ ẹnu páìpù: ní gbogbogbòò, carbon monoxide kò gbọ́dọ̀ ju 0.2% lọ nígbà tí wọ́n bá tẹná sí ìyípo 2,500 sí 3,000 ní ìṣẹ́jú kan, kò sì gbọ́dọ̀ ju 0.3% lọ ní ìdúró. Ìdánwò yìí ló ń wọn oró gan-an, èyí tí P0420 kò lè ṣe. Mo gba ẹni tí wọ́n bá ní kó ra kátálísítì níyànjú pé kó kọ́kọ́ sanwó díẹ̀ fún ẹni tó ní ẹ̀rọ yẹn, kó bá a wọn èéfín rẹ̀ lẹ́yìn tí wọ́n bá ti tún ìkùnà iná ṣe.

Ká padà sí Toyota wa. Ká ní kọ́ìlì ṣípò, P0303 jáde, wọ́n ra kọ́ìlì kan àti púlọ́ọ̀gì mẹ́rin. Gbígbọ̀n dáwọ́ dúró. Kí wọ́n pa kóòdù rẹ́ báyìí, kí obìnrin náà gbé ọkọ̀ bọ́ sí òpópónà A2, kó fi eré tó dọ́gba wà á fún nǹkan bí ìdajì wákàtí, kí ó sì tún ṣe bẹ́ẹ̀ lọ́jọ́ mìíràn, nítorí kọ̀ǹpútà kì í dán kátálísítì wò láàárín tráfíìkì Peckham High Street. Èédú àti epo tó lẹ̀ mọ́ ara rẹ̀ lè jóná kúrò nínú irú ìrìn bẹ́ẹ̀. Irin tó ti wọ́ jọ kò ní padà. Bí sẹ́ńsọ̀ ẹ̀yìn bá dúró jẹ́ẹ́, tí P0420 kò sì wá mọ́, ọ̀rọ̀ parí síbẹ̀.

Bó bá padà wá, tí páìpù kò lu, tí ọkọ̀ kò jẹ ọ́ìlì, tí èéfín sì kọjá ìwọ̀n, ìgbà yẹn ni ẹnu mẹkáníìkì gbà á láti sọ pé kátálísítì ti kú. Kí ó ra èyí tó ní àmì E lára, tí wọ́n kọ orúkọ ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ rẹ̀ sínú ìwé rẹ̀. Òfin ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì béèrè fún èyí tí wọ́n fọwọ́ sí fún ọkọ̀ tí wọ́n forúkọ rẹ̀ sílẹ̀ láti 1 March 2001. Èyí tó pọ́ọ́kú máa ń ní irin iyebíye tó kéré débi pé P0420 á tún yọjú láàárín oṣù díẹ̀. Kí ó gba rìsíìtì, kí ó sì ní kí mẹkáníìkì kọ ohun tó pa ti àtijọ́ sára rẹ̀.